Láfẹ́ńdà àti oyin: òróró tó ń lé kòkòrò, òdòdó tó ń pe oyin

Ara ọ̀rọ̀ kan náà ni lọ́fíńdà tí à ń fín sára àti láfẹ́ńdà tí wọ́n ń gbìn sọ́gbà ti wá. Orúkọ òdòdó ló ṣáájú. Omi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi òdòdó náà ṣe ló gbé orúkọ ọ̀hún wọ èdè wa, nígbà tó sì yá, gbogbo omi olóòórùn tó bá ti wà nínú ìgò di lọ́fíńdà, yálà láfẹ́ńdà wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Òdòdó tó ni orúkọ wá di àjèjì. Bí wọ́n bá ti dárúkọ láfẹ́ńdà, ìgò ló ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, kì í ṣe ewéko.

Ibẹ̀ ni ohun tó ń da àwọn ológbà láàmú ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé òróró láfẹ́ńdà ń lé ẹ̀fọn. Wọ́n tún gbọ́ pé oyin fẹ́ràn láfẹ́ńdà ju ọ̀pọ̀ òdòdó lọ. Èwo ni kí wọ́n gbà? Ẹnì kan á gbìn ín yí ẹnu ọ̀nà ká kí oyin má baà súnmọ́ ilé. Kò ní pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà náà á máa kùn látàárọ̀ dalẹ́. Ẹlòmíràn ní igi eléso tó nílò oyin, á sì fa láfẹ́ńdà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tu torí ó ń bẹ̀rù pé yóò lé oyin lọ.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì tí wọ́n gbọ́ yẹn ní òtítọ́ nínú, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Òróró inú ìgò lọ́tọ̀, òdòdó tó dúró lórí ìtì lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ á mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ibi tí òróró wà, ibi tí oje wà

Ẹbí kan náà ni láfẹ́ńdà àti ẹfinrin. Ẹni tó mọ ẹfinrin ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí: òórùn ewé rẹ̀ le, ẹ̀fọn ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yọ òdòdó, kí ẹ wá wo iye oyin tí yóò máa bà lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni láfẹ́ńdà rí.

Ẹ mú ẹyọ orí òdòdó láfẹ́ńdà kan, kí ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ìdí òdòdó wínníwínní kọ̀ọ̀kan wà nínú ife kékeré kan, tó ní ilà gbọọrọ gbọọrọ lára, tí irun funfun sì bò. Láàárín irun yẹn ni ẹ ó ti rí àwọn àpò róbótó tó ń dán bí ìrì. Inú wọn ni òróró wà. Ẹ fi ìka méjì rún un, àwọn àpò náà á bẹ́, òórùn á sì gba gbogbo ibẹ̀.

Oyin ò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àwọn àpò yẹn. Oje dídùn tó bá wá wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ihò tóóró tí òdòdó fi ara rẹ̀ ṣe bíi fèrè. Oyin á ki orí bọ ẹnu ihò náà, á na ahọ́n, á fa oje, á jáde, kò sì ní rún ohunkóhun. Ìwọ̀nba òórùn tí atẹ́gùn bá gbé ló ń dé ìwo orí rẹ̀, torí ìwo yẹn ni oyin fi ń gbóòórùn.

Ti inú ìgò kò rí bẹ́ẹ̀. Kí òróró tó dénú ìgò, wọ́n á kó òdòdó rẹpẹtẹ sínú agbada, wọ́n á jẹ́ kí ooru omi gbígbóná gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á mú ooru náà tutù títí yóò fi padà di omi, wọ́n á wá rẹ́ òróró tó léfòó sókè. Òkìtì òdòdó ló ń di ìgò kékeré kan. Èròjà méjì tó pọ̀ jù nínú òróró láfẹ́ńdà gidi ni linalool àti linalyl acetate. Linalool yìí wà nínú òórùn àìmọye òdòdó mìíràn, oyin sì ti mọ̀ ọ́n bí àmì pé oúnjẹ ò jìnnà. Bó bá jẹ́ díẹ̀ nínú atẹ́gùn, ìpè ni. Bó bá ki, tó sì kan ara kòkòrò ní tààràtà, oró ni. Iyọ̀ tó mú ọbẹ̀ dùn náà ni. Bí ẹ bá da odidi àpò kan sí i, ta ni yóò fẹnu kàn án?

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn tó ń sin oyin má ṣe máa kán òróró láfẹ́ńdà sínú omi ṣúgà tí wọ́n ń fún oyin. Òróró kì í pò mọ́ omi. Bó ti wù kí ẹ rò ó tó, yóò padà sókè, oyin tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á fẹnu kan òróró gidi dípò ṣúgà. Òórùn rẹ̀ tún lè fa oyin ilé mìíràn wá jalè, pàápàá bó bá jẹ́ pé ilé tí ẹ ń bọ́ kò lágbára tó láti gbèjà ara rẹ̀. Ẹ má sì ṣe fín òróró sórí òdòdó nítorí kí oyin lè pọ̀ sí i. Ewé á jóná, oyin á sì sá, bí kò bá kú.

Àwọn tó ń fi òróró yìí pa ara kí oyin má baà ta wọ́n náà ń tan ara wọn ni. Ó ń fẹ́ lọ kíákíá, oyin míì sì lè wá yẹ̀ yín wò torí òórùn òdòdó ló gbọ́.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n máa ń ṣì lò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí oyin bá ta ènìyàn, ó ń tú òórùn kan jáde, tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tó ń ké sí àwọn yòókù pé kí wọ́n wá jà. Lọ́dún 2015, Morgane Nouvian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Communications pé òórùn òdòdó méjì, ìyẹn linalool àti 2-phenylethanol, lè mú kí oyin tó gbọ́ ìpè ogun yẹn má dáhùn. Kì í ṣe pé òórùn òdòdó bo ti ogun mọ́lẹ̀. Oyin gbọ́ méjèèjì, àmọ́ òórùn tó ń ṣèlérí oúnjẹ ló fà á lọ́kàn jù. Àbájáde tó dùn mọ́ni ni. Ṣùgbọ́n inú ohun èlò kékeré ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú oyin tí kò pọ̀, kì í ṣe níwájú ilé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oyin ń gbé. Ẹ má torí ẹ̀ bọ́ ìbojú yín sílẹ̀.

Bí oyin bá kọjá láfẹ́ńdà yín, ahọ́n ni kí ẹ wò

Ohun mìíràn tó ń mú kí àwọn èèyàn gbà pé láfẹ́ńdà ń lé oyin nìyí: wọ́n gbìn ín, ó yọ òdòdó dáadáa, àmọ́ oyin tó ń ṣe afárá, èyí tí à ń rí oyin jẹ lára rẹ̀, kò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn oyin ńlá onírun, tó sanra, tí wọ́n ń kùn bí ẹ̀rọ, ló gba orí òdòdó kan. Bombus ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, wọ́n sì pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó ní òtútù.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2013. Wọ́n wọn ahọ́n. Ti oyin onírun tí wọ́n rí lórí láfẹ́ńdà wà láàárín mílímítà 7.8 sí 8.9, ti oyin afárá jẹ́ mílímítà 6.6. Wọ́n wá ka àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò lórí òdòdó kan. Oyin onírun ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.1 sí 1.4, nígbà tí oyin afárá ń lo 3.5. Ẹ̀yin náà lè rí i bí ẹ bá fara balẹ̀ wò: oyin onírun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó kó tó kọjá sórí òmíràn, oyin afárá ní tirẹ̀ ń ki orí bọ̀ ọ́ jìnnà, ó ń tiraka, ó ń ti èjìká, torí oje wà níbi tí ahọ́n rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta ìyára tiyín nínú oko kan náà, kí ló máa ṣẹ́kù fún yín? Nínú ìwádìí mìíràn tí àwọn ará Sussex yìí kan náà gbé jáde lọ́dún 2015, wọ́n kó oyin onírun kúrò lórí láfẹ́ńdà kan, oyin afárá sì ya bò ó. Òdòdó náà kò yí padà, òórùn rẹ̀ kò yí padà. Oje ló ṣẹ́kù sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, bí oyin afárá ò bá pọ̀ lórí láfẹ́ńdà yín, ẹ má sọ pé ó ń lé wọn. Ẹ wo ẹni tó ti kó oje lọ.

Oyin tún ní ọgbọ́n kan tó lè ṣi ẹni tó ń wò ó lọ́nà. Ẹ ó rí i tó fò dé iwájú òdòdó, tó fẹ́ bà, tó sì yípadà lọ láì fara kàn án. Ó jọ pé ó kórìíra rẹ̀. Rárá o. Oyin tó ṣáájú ti fi òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òdòdó yẹn, ẹni tó dé lẹ́yìn gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa oje ibẹ̀ tán. Bó bá ṣe díẹ̀, tí oje bá sun padà, òórùn ẹsẹ̀ náà á ti rẹ̀ dànù, oyin á sì tún bà.

Ní ti àwọ̀, láfẹ́ńdà bá ojú oyin mu gan-an. Oyin kì í rí pupa bí àwa ṣe ń rí i, àmọ́ ó ń rí àwọ̀ búlúù dáadáa, ó sì ń rí ìtànṣán ultraviolet tí ojú ènìyàn kò lè rí. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó fà sí búlúù máa ń hàn sí i kedere láàárín ewé.

Láfẹ́ńdà wo ni kí ẹ rà?

Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà kò ṣeé gbára lé. Èyí tí ẹni kan ń pè ní láfẹ́ńdà Faransé, ẹlòmíràn ń pè é ní ti Sípéènì. Èyí tí wọ́n sì ń pè ní ti Gẹ̀ẹ́sì, orí àwọn òkè tó yí Òkun Mẹditaréníà ká ló ti wá. Orúkọ tó wà nínú èdè Látìn lára páálí ìkòkò ni kí ẹ kà.

Lavandula angustifolia ni láfẹ́ńdà gidi, tí òórùn rẹ̀ tutù jù. Ó kúrú, kò sábà ga ju sẹ̀ńtímítà 60 lọ, 'Hidcote' àti 'Munstead' sì wà lára irú rẹ̀. Lavandula × intermedia, tí wọ́n ń pè ní lavandin, jẹ́ ọmọ tí angustifolia àti Lavandula latifolia bí. Ó tóbi ju ìyá àti bàbá lọ, igi òdòdó rẹ̀ gùn, ó sì ń yọ òdòdó lẹ́yìn angustifolia. 'Grosso' ni irú rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Lavandula stoechas ló ní nǹkan bí etí ehoro lórí. Etí yẹn kì í ṣe òdòdó, kò sì ní oje. Òdòdó gidi ni àwọn wínníwínní tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Stoechas ló sábà ń kọ́kọ́ tanná nínú ọdún.

Ní Sussex yìí kan náà, Mihail Garbuzov àti Francis Ratnieks ka kòkòrò tó bà lé irú òdòdó ọgbà 32, tí 13 nínú wọn jẹ́ láfẹ́ńdà. Lavandin fa oyin ju angustifolia lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òdòdó kan àti èkejì pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń sọ fún ẹni tó fẹ́ rà pé kó dúró ní ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sàn-án, kó wo èyí tí oyin ń bà lé. Kò sí páálí tó mọ̀ ọ́n ju oyin lọ.

Àmọ́ àlèébù kan wà lára lavandin tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Nítorí pé ọmọ ẹ̀yà méjì ni, ó yàgàn. Kì í so èso, kò sì ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó wúlò. Oyin nílò oje fún agbára láti fò, ó sì nílò lẹ́búlẹ́bú láti fi bọ́ ọmọ, torí inú lẹ́búlẹ́bú ni èròjà amáradàgbà wà. Àní angustifolia pàápàá kì í fúnni ní lẹ́búlẹ́bú púpọ̀. Ọgbà tó kún fún láfẹ́ńdà nìkan dà bí ilé tí ṣúgà kún inú rẹ̀ tí kò sì sí ẹ̀wà. Bí ààyè bá wà, ẹ fi àwọn òdòdó tó ní lẹ́búlẹ́bú tì í: sunflower, borage, ẹfinrin tí ẹ jẹ́ kó yọ òdòdó.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ààyè gbà, lavandin ni àwa máa mú. Bó bá gba méjì, ẹ fi angustifolia kún un, torí èkíní á máa tanná nígbà tí èkejì ń parí.

Bí ẹ ṣe máa gbìn ín tí oje á fi wà nínú rẹ̀

Omi ló ń pa láfẹ́ńdà jù, kì í ṣe ọ̀dá. Ilẹ̀ amọ̀ tí omi ń dúró sí máa ń mú gbòǹgbò rẹ̀ rà. Ẹ ó kàn rí i pé ẹ̀ka kan ṣàdédé di eérú, lẹ́yìn náà òmíràn, àwọn èèyàn á sì rò pé òǹgbẹ ni, wọ́n á tún bu omi sí i. Kí ẹ tó bu omi, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀.

Oòrùn tó ràn sí i gan-an fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ni ó kéré jù. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ kó ilẹ̀ jọ bí ebè tó ga tó sẹ̀ńtímítà 20 sí 30, kí ẹ po yanrìn oníhóró ńlá tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Nínú ìkòkò, ẹ lo ilẹ̀ ìdá méjì sí yanrìn ìdá kan, kí ìkòkò fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 30, kí ihò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Angustifolia kan sí èkejì: sẹ̀ńtímítà 30 sí 45. Lavandin: 60 sí 90. Wọ́n máa ń dà bí ẹni tó jìnnà síra jù lọ́dún àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ má fún wọn pọ̀, torí atẹ́gùn gbọ́dọ̀ gba àárín wọn. Ní ibi tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀, angustifolia á jìyà. Lavandula dentata, tí etí ewé rẹ̀ rí bí eyín ayùn, máa ń fara dà á jù.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi sí i. Ajílẹ̀ tó ní nitrogen púpọ̀ ń mú kó yọ ewé rẹpẹtẹ, kó rọ̀, kó sì ṣubú, òdòdó á wá dín kù. Ilẹ̀ tó ṣákìí díẹ̀, tó fà sí ẹfun dípò kíkan, ló fẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún àkọ́kọ́, kí gbòǹgbò tó rinlẹ̀, ó nílò omi: ẹ bu omi tó máa wọlẹ̀ jìnnà, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bu. Láfẹ́ńdà tó ti dàgbà lè la ọ̀dá já, àmọ́ bí ọ̀dá bá le jù, oje inú òdòdó á gbẹ kó tó di pé òdòdó fúnra rẹ̀ rọ. Ẹ ó máa wo òdòdó tó lẹ́wà tí oyin kankan ò bà lé. Bíbu omi dáadáa lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mélòó kan irú bẹ́ẹ̀ lè mú oje padà.

Ẹ gbìn ín jọ síbì kan. Oyin tó bá jáde nílé kì í sábà pààrọ̀ irú òdòdó títí yóò fi padà sílé; bó bá ti mú láfẹ́ńdà, láfẹ́ńdà ni yóò máa wá kiri. Ìtì márùn-ún tó wà lójú kan máa fà á ju ìtì márùn-ún tí ẹ fọ́n ká ọgbà lọ, torí kò ní fò lófo láàárín wọn.

Gígé

Ibí ni ìfẹ́ ológbà àti ti oyin ti máa ń forí gbárí. Ẹni tó fẹ́ sá láfẹ́ńdà gbẹ fún òórùn gbọ́dọ̀ gé e nígbà tí òdòdó díẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn gan-an ni oúnjẹ oyin ń bẹ̀rẹ̀. Òdòdó orí igi kan kì í là pa pọ̀. Wọ́n ń là lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, ẹ gé ìdajì ìtì, kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ dúró di ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo òdòdó rẹ̀ ti ré kí ẹ tó gé e.

Gígé yẹn pọn dandan. Láfẹ́ńdà tí wọn kì í gé máa ń di igi gbígbẹ láàárín, yóò là sí méjì, òdòdó rẹ̀ á sì máa dín kù lọ́dọọdún. Ẹ gé gbogbo igi òdòdó pẹ̀lú díẹ̀ lára ewé, àmọ́ ẹ fi sẹ̀ńtímítà méjì sí mẹ́ta ewé tútù sílẹ̀ lókè igi aláwọ̀ ilẹ̀. Bí ẹ bá gé wọnú igi aláwọ̀ ilẹ̀ níbi tí kò sí ewé rárá, kì í sábà rú padà.

Oògùn apakòkòrò

Láfẹ́ńdà ò fi bẹ́ẹ̀ nílò oògùn. Òórùn ara rẹ̀ ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò ajewé, èyí tó kù ò sì tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ fi oró sórí òdòdó tí oyin ń jẹ lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí fóòmù funfun bí itọ́ lórí igi rẹ̀, kòkòrò kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ dànù.

Ewu tó fara sin ni èyí tó ti wà lára rẹ̀ látọjà. Àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní neonicotinoid máa ń gba gbòǹgbò wọnú gbogbo ara ewéko, títí kan oje àti lẹ́búlẹ́bú. Lọ́dún 2018, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de mẹ́ta nínú wọn, imidacloprid, clothianidin àti thiamethoxam, kí wọ́n má lò wọ́n mọ́ níta gbangba. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, àwọn olùwádìí Sussex ti rí oògùn apakòkòrò lára àwọn òdòdó tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó dára fún oyin. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tí wọ́n fín sí i. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bẹ ẹni tó ti ní láfẹ́ńdà lọ́gbà kó fún yín ní ẹ̀ka tí kò tíì yọ òdòdó, tó gùn tó sẹ̀ńtímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ki ìdajì rẹ̀ bọ yanrìn tó lọ́rinrin díẹ̀ nínú ìbòòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò ti ta gbòǹgbò.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ gbìn ín sí

Oyin tó ń kó oje kò wá ìjà. Kò ní ilé tó ń ṣọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń ta ènìyàn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tàbí bó bá há sínú aṣọ. Nítorí náà, ẹ má gbìn ín sétí ọ̀nà tóóró tí aṣọ àwọn èèyàn á máa gbá lára, tàbí síbi tí àwọn ọmọdé ti ń sáré láì wọ bàtà. Mítà kan sí méjì sí ọ̀nà ti tó. Bí oyin afárá bá ta ènìyàn, ẹ yọ ẹ̀gún tó fi sílẹ̀ kíákíá, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́, torí bó bá ti pẹ́ tó ni oró ń wọlé tó. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń há, tí ojú tàbí ahọ́n rẹ̀ bá ń wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Òdòdó ọgbà yín nìkan ò sì lè mú kí oyin jíjẹ tó wà nínú ilé oyin yín di oyin láfẹ́ńdà, torí kòkòrò oyin ń fò lọ sí kìlómítà méjì sí mẹ́ta, ó ń kó oje òdòdó gbogbo pọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ yẹn, láti Provence ní ilẹ̀ Faransé, inú oko tó lọ salalu ló ti ń wá, irú bíi ti Valensole, tí àwọn tó ń sin oyin ń kó ilé oyin wọn lọ nígbà òdòdó. Lavandin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí pé kò ní lẹ́búlẹ́bú, ẹni tó bá fi ẹ̀rọ awò wá lẹ́búlẹ́bú láfẹ́ńdà nínú oyin náà á rí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ojúlówó ni.

Ọ̀rọ̀ oorun ló kù. Lálẹ́ tàbí ní àárọ̀ tó tutù, ẹ lè bá oyin onírun tó rọ̀ mọ́ abẹ́ orí òdòdó láìmira. Àwọn kan ń sọ pé láfẹ́ńdà ti mu ún yó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ ló sábà máa ń jẹ́. Akọ kì í padà sílé lálẹ́ bó bá ti jáde, ìta ló ń sùn. Ẹran apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 30°C kó tó lè fò, nítorí náà ó ń dúró de oòrùn. Akọ ò ní ẹ̀gún, kò sì lè ta yín. Bó bá jẹ́ àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ń gé láfẹ́ńdà, ẹ yí orí òdòdó ìdì kọ̀ọ̀kan wò lábẹ́ kí ẹ tó gbé e wọlé. Èyí tí ẹ bá rí, ẹ yọ igi òdòdó tó rọ̀ mọ́ kúrò nínú ìdì, kí ẹ sì gbé e lé orí ìtì tó kù nínú oòrùn.